Ẹni Tí Màmá Mi Rí Nínú Awò

Sílípáàsì màmá mi ni bọ̀ọ̀dá mi wọ̀ lọ sí Botro láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ tí kò dé mọ́. Àwa méjì péré ni màmá wa bí, òun ni ẹ̀gbọ́n, èmi obìnrin ni àbúrò. Nígbà tí bàbá wa kú, bọ̀ọ̀dá mi ló bọ́ sídìí ìsọ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú Bouaké ní Ivory Coast, níbi tí a ti ń ta ìṣó, àgádágodo, ìdè ilẹ̀kùn àti wáyà. Lọ́jọ́ ọjà Botro, ó máa ń kó díẹ̀ nínú ọjà náà lọ bá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó wá bàtà rẹ̀ títí, kò rí i, awakọ̀ sì ti ń tẹ hóònù níta bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ló bá ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì aláwọ̀ ewé tí màmá mi máa ń wọ̀ lọ balùwẹ̀. Ó kéré fún un. Gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ sẹ́yìn, wọ́n ń gbálẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Màmá mi jáde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, ó ní, "Kò gbọdọ̀ já o! Mo ní kò gbọdọ̀ já!" Bọ̀ọ̀dá mi juwọ́ sí wa láìwẹ̀yìn, ọkọ̀ gbé e lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìbọn ti ń dún káàkiri Bouaké. Àwọn ọlọ́tẹ̀ gba ìlú, ọ̀nà dí, tẹlifóònù kú. N kò ní fi ìtàn ogun dá yín lágara. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ ti sọ ọ́. Èyí tó kàn wá níbẹ̀ ni pé wọ́n ní ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Botro jóná sójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀. Oníṣòwò kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, mú fìlà bọ̀ọ̀dá mi wá bá wa. Ó ní ẹ̀bá ibi tí ọkọ̀ náà ti jóná lòun ti rí i. Màmá mi gba fìlà náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó yí inú rẹ̀ síta, ó rí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti fi òwú dúdú rán an. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lèmọ́mù Dar-es-Salam, àdúgbò wa ní Bouaké, kírun fún òkú tí a kò rí, a kó aṣọ rẹ̀ fún àwọn tí kò ní, ó parí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bọ́ǹbù já sínú agboolé wa. Ọlọ́run ló yọ wá. Ilé mọ̀lẹ́bí wa kan nítòsí ọjà la wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí mo sáré dé ibẹ̀, yàrá wa àti ti àwọn alábàágbé wa ti di òkìtì búlọ́ọ̀kù. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró, wọ́n ń gbàdúrà fún àwa tí wọ́n rò pé a wà lábẹ́ rẹ̀. Mo dúró láàárín wọn, eruku bò mí lójú, kò sẹ́ni tó dá mi mọ̀, mo sì ń ṣe àmín sí àdúrà òkú ara mi. N kò mọ ohun mìíràn tí ǹ bá ṣe. Láti ọjọ́ náà la ti kó lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí wa yẹn.

Màmá mi kò dárúkọ bọ̀ọ̀dá mi mọ́ lẹ́yìn èyí. Sílípáàsì ló ń dárúkọ. Bí omi bá dà sílẹ̀ ní balùwẹ̀, á ní, "Bó bá ṣe pé sílípáàsì mi wà ni." Mo ra òmíràn fún un, ó wọ̀ ọ́, kò sì dákẹ́: "Eléyìí kò dà bíi tèmi. Ọmọ yẹn gbé tèmi lọ." Lọ́jọ́ kan ó sú mi, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sunkún ọmọ yín bí àwọn ìyá yòókù ṣe ń sunkún, ẹ yéé sunkún rọ́bà."  Ó ní, "Ta ló ń sunkún?" Òótọ́ ni, n kò rí omi lójú rẹ̀ rí, àtìgbà tí wọ́n ti mú fìlà dé. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Àwọn olùkọ́ ìjọba ti sá lọ sí gúúsù nígbà náà. Wọ́n ní kí àwa ọ̀dọ́ tí a ti gba báàkì, ìwé ẹ̀rí àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, wá dúró níwájú àwọn ọmọ, kí ilé-ẹ̀kọ́ má bàa di ahoro. Bí mo ṣe di olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí nìyẹn, pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo tí èèpo rẹ̀ ti já. Ojú ewé tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni èyí tó sọ nípa igi etí ọ̀sà tí àwọn Faransé ń pè ní palétuvier, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè omi tí ẹja, akàn àti ẹyẹ sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo rẹ̀, mo ya á sójú pátákó, ohùn mi ròkè. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó bi mí bóyá mo ti fojú ara mi rí i rí. Mo ní kó jókòó.

Nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀díẹ̀, tí ọkọ̀ ti ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́tẹ̀ kọjá sí ọ̀dọ̀ ìjọba, àwọn aláàánú kan tó máa ń fún wa ní ṣọ́ọ̀kì ní àwọn fẹ́ mú àwa olùkọ́ jáde, ká lọ sinmi. Wọ́n máa mú wa lọ sí igbó ìjọba kan létí òkun, ká rìn, ká wo ẹyẹ àti ẹranko. Olúkúlùkù lè mú ẹnì kan lọ́wọ́. Mo ní màmá mi ni màá mú. Ó ní kí ni òun ń lọ ṣe.

"A fẹ́ lọ wo ẹyẹ, Màámi."

"Ẹyẹ tán ní Bouaké ni?"

Ó kúkú tẹ̀ lé mi. Ó di gààrí, ó di kúlíkúlí, ó wọ sílípáàsì tí mo rà fún un, ó ní bí òkun bá fẹ́ gbé bàtà lọ, kó gbé èyí tí òun kò fẹ́ràn. Lójú ọ̀nà, gbogbo ibi tí àwọn ọmọ ogun ti ń dá ọkọ̀ dúró, tí a ń pè ní kọ́rídọ̀, la ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí à ń fi káàdì hàn. Ọmọ ọlọ́tẹ̀ kan tó gbé ìbọn kọ́rùn bi màmá mi ní Jula, èdè ọjà ilẹ̀ náà, pé níbo ni ìyá Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ń lọ. Màmá mi ní òun ń lọ wo ẹyẹ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbọ́ ọ. Nígbà tí a dé kọ́rídọ̀ àwọn ọmọ ogun ìjọba, wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà, ó dáhùn bákan náà, àwọn yẹn náà rẹ́rìn-ín. Màmá mi yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé o rí i? Wọn kò bá ara wọn jà nípa tiwa."

Etí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu mi. Ẹni tí wọ́n bí sí Bouaké, tó dàgbà sí Bouaké, kò mọ̀ pé omi lè pọ̀ tó báyẹn. Olùṣọ́ igbó tó mú èmi àti màmá mi rìn jẹ́ ọkùnrin àgbàlagbà tó wọ kákí. Àwọn olùkọ́ yòókù tẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ wo ibi tí ìjàpá òkun ń yé ẹyin sí. Òjò wínníwínní ń rọ̀, ó fún wa ní láílọ́ọ̀nù funfun kọ̀ọ̀kan pé ká fi bo orí dé ẹsẹ̀. Ó gbọ́ Jula, nítorí náà òun àti màmá mi ń tàkùrọ̀sọ lọ. Gbogbo ohun tó bá fi hàn wá ni màmá mi ń bi í pé ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́. Awọ́nrínwọ́n kọjá, ó béèrè. Ọ̀bọ fò lórí igi, ó béèrè. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, a kì í jẹ ohunkóhun níbí." Màmá mi ní, "Kí wá ni wọ́n ń tọ́jú wọn fún?" Ojú tì mí, àmọ́ inú mi dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kó máa ṣàwàdà.

Kí a tó dé etí ọ̀sà, olùṣọ́ igbó dúró, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ibi tí a fẹ́ dé yìí ní òfin tirẹ̀. "Ẹ má pariwo. Ẹ má nawọ́. Ẹ má pe ohunkóhun. Bó bá ti mọ̀ pé èèyàn ń wo òun, ó ti lọ nìyẹn, ẹ kò ní rí i mọ́." Màmá mi mi orí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Àtíbàbà kékeré kan ni wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe síbẹ̀, wọ́n dá ihò tóóró sí i lára tí èèyàn lè máa gbójú wòta. A wọlé, a jókòó lórí pákó. Iwájú wa ni omi, òdìkejì rẹ̀ sì ni igi tí mo ti ń yà sójú pátákó láti ọdún wọ̀nyí. Mo fẹ́ pariwo. Gbòǹgbò wọn wọ́ sínú omi lóòótọ́, wọ́n dúró lórí rẹ̀ lóòótọ́, ìwé jákujàku mi kò parọ́. Olùṣọ́ igbó fún màmá mi ní awò olójú méjì tí wọ́n ń pè ní jumẹ́ẹ̀lì, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Ó kọ́kọ́ kọ ojú rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi wò mí, ó ní mo ti kéré bí ìgbà tí òun bí mi. Nígbà tí a bá a yí i padà, ó rí ẹyẹ òfú ńlá kan lórí omi, ó na ọwọ́ pé òun fẹ́ fọwọ́ kàn án. Olùṣọ́ igbó rẹ́rìn-ín, ó fi wá sílẹ̀, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn àtíbàbà.

Màmá mi ń jẹ kúlíkúlí, ó ń fi awò náà wo etí omi lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu rẹ̀ dúró. Kò gbé e mì, kò rún un. Ó gbé awò kúrò lójú, ó fi ojú lásán wo òdìkejì, ó tún gbé e padà. 

"Màámi, kí lẹ rí?"

 Mo gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wo ibi tó ń wò. Mo rí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n so mọ́ gbòǹgbò. Mo rí ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó dúró nínú ẹrẹ̀ dé orúnkún, tó ń gbin ọmọ igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rù, ó dá irùngbọ̀n sí. Ó nàró, ó fi ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀ bí bàbá wa ṣe máa ń nù ún ní ìsọ̀, ó sì yíjú sí ọ̀dọ̀ wa.

Bọ̀ọ̀dá mi ni.

  Ojú rẹ̀ kún inú awò náà pátápátá, ó súnmọ́ mi débi tí mo rí omi òjò lórí irùngbọ̀n rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń kọrin, àmọ́ n kò gbọ́ ohùn kankan. Ẹni tí a ti kírun sí lára. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ wà lọ́rùn àwọn ẹlòmíràn ní Dar-es-Salam. Mo gbé awò kúrò, ó sì padà di nǹkan kékeré dúdú kan létí omi.

Màmá mi ti di ọwọ́ mi mú. Èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Má pè é," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo fi ọmú tó o mu bẹ̀ ọ́, má pè é."

Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ nípa àkúdàáyà: ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tí ikú fi mú un, tó lọ ń gbé ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń jẹun, títí di ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá fojú kàn án. Ọjọ́ tó bá mọ̀ pé wọ́n ti rí òun, ó pòórá nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa rí i mọ́ láyé. Èmi yìí ti dúró níwájú kíláàsì sọ rí pé irọ́ ni, pé ẹni tó bá kú ti kú. Wàyí o, mo jókòó sínú àtíbàbà, mo ń rọra sọ̀rọ̀ kí ó má bàa gbọ́.

"Màámi, èèyàn ni. Ó wà láàyè."

"Ta ló kírun sí i lára? Fìlà ta ni wọ́n mú wá?" Ojú rẹ̀ kò kúrò lára òdìkejì omi. "Ṣé o kò gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn wí ni? Bó bá ti mọ̀ pé èèyàn ń wo òun, ó ti lọ nìyẹn. Jẹ́ kí n máa wò ó. Èyí ti tó mi. Fún mi ní awò yẹn, jẹ́ kí n máa wò ó."

Ó gbà á, ó fi í sójú. Ó ń wò ó bí ó ṣe ń tẹ̀ba, bí ó ṣe ń nàró. Ó ń sọ ọ́ sí mi lábẹ́ ohùn: ó ti rù, kò wọ nǹkan sẹ́sẹ̀, àbí wọn kì í fún un lóúnjẹ ni. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Inú sì bí mi, mo fẹ́ fọ́ awò náà mọ́lẹ̀. Bí mo bá pè é tó sì pòórá lóòótọ́, màmá mi ti pàdánù ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, ọwọ́ mi ló sì ti ṣẹlẹ̀. Bí n kò bá pè é, ọkọ̀ á gbé wa padà sí Bouaké, màmá mi á sì máa rántí ojú kan tó rí nínú awò títí tó fi máa kú. Mo ń rò ó síwá-sẹ́yìn. Ìgbà náà ni màmá mi mí kanlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ti tú okùn ọkọ̀, ó ti wọlé, ó ń wa ọkọ̀ náà lọ síbi kọ́rọ́ tí a kò ti ní rí i mọ́.

N kò mọ ìgbà tí mo jáde sínú òjò. Mo ki ìka bọ ẹnu, mo fi súfèé bí bàbá wa ṣe máa ń fi pè wá láti òpin ìsọ̀ nígbà tí a wà ní kékeré: ọ̀kan kúkúrú, ọ̀kan gígùn tó ń gòkè. Màmá mi sáré jáde láti fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó ti bọ́ sórí.

Ọkọ̀ náà dúró. Bọ̀ọ̀dá mi dìde nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rí wa. Ó wò wá pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó ké "Láìláhá illal-Láhù!" pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu ọkùnrin, ó bẹ́ sómi, ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọ́ gun orí gbòǹgbò, ó sá wọ inú igbó. Gbogbo ẹyẹ etí ọ̀sà náà dìde lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ òfìfo ń yí lórí omi.

Màmá mi wó lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"O ti pa á lẹ́ẹ̀kejì," ó wí. Kò pariwo, ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

 Mo ti ṣe é. Gbogbo ohun tó sọ ló ṣẹ lójú mi, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́ fún wa. Olùṣọ́ igbó sáré dé, ó ń bínú nítorí àwọn ẹyẹ, ó rí ọkọ̀ òfìfo, ó ní kí la ṣe sí òṣìṣẹ́ òun. Mo bi í pé ta ni ọkùnrin yẹn.

Ó ní Anago kan ni, láti Bouaké. Ó ní ìgbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn dé pẹ̀lú àwọn tó ń sá. "Kò ní ẹnì kankan mọ́, yako, ó ṣeni láàánú. Ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ilé wó pa wọ́n. Ará àdúgbò wọn kan tó sá wá síbí ló sọ fún un. Ẹni náà ní òun dúró lórí òkìtì náà, òun sì bá wọn ṣe àmín."

Mo wo ara mi. Mo wo màmá mi nínú ẹrẹ̀. Láílọ́ọ̀nù funfun bò wá láti orí dé ẹsẹ̀, òkú méjì tí wọ́n dì sínú aṣọ funfun, tí wọ́n yọ jáde láti inú koríko etí òkun, tí ọ̀kan sì ń fi súfèé bàbá tó ti kú pè é. Háà! Àwa ni àkúdàáyà. Ojú wa ni bọ̀ọ̀dá mi fi sá.

Mo fa láílọ́ọ̀nù náà ya kúrò lọ́rùn mi. Èmi àti olùṣọ́ igbó wọ ọkọ̀ tirẹ̀, a gba ojú omi tóóró náà kọjá. Lórí gbòǹgbò tí bọ̀ọ̀dá mi gùn lọ, ìkarahun ìgbín omi tó mú bí abẹ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ pupa sì wà lára wọn. Mo fi ìka kan ẹ̀jẹ̀ náà. Ó gbóná. Ọkàn mi fò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é kíkankíkan. A bá a lábẹ́ igi kan, ó ti ká ara rẹ̀ jọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya, ó ti di etí rẹ̀ méjèèjì, nítorí wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé bí òkú bá pe èèyàn, kò gbọdọ̀ dá a lóhùn.

"Bọ̀ọ̀dá, èmi ni."

"Ẹ má súnmọ́ mi! Mo ti kírun yín. Mo ti ṣe sàráà fún yín. Kí ni mo tún ṣẹ̀ yín? Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti wá, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ yín!"

"Ẹ̀yin gan-an lẹ kú!" Mo jágbe mọ́ ọn. "Ẹ̀yin la kírun sí lára! Wọ́n mú fìlà yín wá!"

"Atẹ́gùn gbé fìlà mi lọ nígbà tí mò ń lọ sí Botro! N kò bá ọkọ̀ náà padà!" ó pariwo padà láìṣíjú. Ó tún di etí rẹ̀, ó ń ka kálímà. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, ó fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. N kò mọ ohun tí mo tún lè sọ tí òkú kò lè sọ.

Ìgbà náà la gbọ́ ohùn láti òdìkejì omi. Màmá mi ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ó ti dìde kúrò nínú ẹrẹ̀. Ohùn tó fi ń pe àwọn oníbàárà ní Grand Marché ló fi ké.

"Ìwọ ọmọ yìí! Sílípáàsì mi dà?"

 Ọwọ́ bọ̀ọ̀dá mi bọ́ kúrò létí. Ó ṣíjú, ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá wo ibi tí ohùn ti ń bọ̀.

"Mo ní sílípáàsì mi dà! Ibo lo gbé e sí?"

"Ó já, Màámi," bọ̀ọ̀dá mi wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Ó já lójú ọ̀nà. Mo fi okùn so ó, ó tún já."

"Kí ni mo sọ fún ọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Mo ní kò gbọdọ̀ já! Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?" Ó sì bú sẹ́kún. Gbogbo ẹkún tí kò sun ní Bouaké ló ń sun, ó ń sun ún lójú òjò, ó ń wọ inú omi bọ̀ tòun ti aṣọ lọ́rùn, olùṣọ́ igbó sì ń sáré wa ọkọ̀ lọ gbé e kó má bàa rì.

N kò ní gbìyànjú láti sọ bí wọ́n ṣe di mọ́ ara wọn. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń wo igi. Nígbà tí mo tún wẹ̀yìn, màmá mi ti jókòó sínú ẹrẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ bọ̀ọ̀dá mi lé itan, ó ń fi ìborùn rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ní kí ni irú ẹni yìí ń rìn láìwọ bàtà fún. Ó bọ́ sílípáàsì tí mo rà fún un, èyí tí kò fẹ́ràn, ó fi wọ̀ ọ́. Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Màámi, ẹ̀yin náà ńkọ́?" Ó ti dìde, ó ń fà á lọ́wọ́.

A fi ọkọ̀ sọdá, a sì gba ọ̀nà tóóró inú igbó náà padà. Olùṣọ́ igbó ń lọ níwájú, ó ní a kò ní rí ẹyẹ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Bọ̀ọ̀dá mi tẹ̀ lé e, ó ń tiro, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ sẹ́yìn, wọ́n ń gbálẹ̀. Màmá mi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú, kò gbójú kúrò lára gìgísẹ̀ náà.

"Kò gbọdọ̀ já o," ó wí. "Mo ní kò gbọdọ̀ já."